Ọ̀rọ̀ Ààrẹ àti Èsì Àwọn Alátakò: Bí A Ṣe Lè Wọ̀n Wọ́n Láti Etí Òkun Ìlàjẹ

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó pàṣẹ ṣíṣe déédéé fún àwọn ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 2024, Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu bá gbogbo ọmọ Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ìwọ́de tí wọ́n pè ní #EndBadGovernance ti wọ ọjọ́ kẹrin nígbà náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn alátakò ti fèsì. Ìbéèrè mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà gbé dìde láàrin àwọn ìdílé Mùsùlùmí. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí dá olórí lóhùn? Kí ni ọ̀rọ̀ Àbújá kan ẹni tí ó ń gbé orí omi ní Ìlàjẹ?

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a ó to ohun tí Ààrẹ sọ, ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn àti ohun tí ó tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn náà, a ó gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n kan ra ọjà, tí ó fi òmíràn tà á, a mọ orúkọ tí ẹ̀sìn wa ń pè é.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, epo tí kò tó ₦200 fún lítà kan ní ilé epo ìjọba ti di ₦488 ní Èkó, ó sì tó ₦557 ní apá Borno. Ní oṣù keje ọdún náà, ó di ₦617 ní Àbújá. Láàrin méjèèjì, ní oṣù kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba kọjá ₦1,500 nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 2024.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa. Àjọ NBS tí ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè sọ pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023 sí oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ tí ìyá kan rà ní ₦1,000, ó ti di nǹkan bí ₦1,409 láàrin ọdún kan.

Èyí ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ kéde ìwọ́de láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 2024. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni kí owó epo àti owó iná wálẹ̀, kí ìjọba dín ìnáwó àwọn tó wà lórí àlééfà kù, kí owó oṣù òṣìṣẹ́ sì tó jẹun. Ẹgbẹ́ Take It Back wà lára àwọn tí ó síwájú. Omoyele Sowore tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ẹgbẹ́ náà, tí ó sì du ipò ààrẹ ní 2019 àti 2023 lábẹ́ ẹgbẹ́ AAC, ọmọ Kiribo ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ese-Odo tí ó bá Ìlàjẹ pààlà. Ohùn náà kò ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ohun tí Ààrẹ sọ

Ààrẹ kọ́kọ́ bá àwọn tí ènìyàn wọn kú ní Borno, Jigawa, Kano, Kaduna àti ibòmíràn kẹ́dùn. Ó ní òun gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́, ó sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n dá ìwọ́de dúró, kí wọ́n wá jókòó sọ̀rọ̀. Ó ní ìpinnu lórí epo àti náírà dun òun, ṣùgbọ́n kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ka iṣẹ́ tí ìjọba rẹ̀ ti ṣe. Àwọn tí ó kan ìdílé jù nìyí:

1. Owó tí ń wọlé fún ìjọba ju ìlọ́po méjì lọ, ó lé ní ₦9.1 tírílíọ̀nù ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ọdún 2024.
2. Owó tí à ń fi san gbèsè ti wálẹ̀ láti 97 sí 68 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ń wọlé.
3. Owó oṣù tí ó kéré jù ti di ₦70,000 láti ₦30,000.
4. Ìjọba ti yọ owó orí kúrò lórí ìrẹsì, àlìkámà, àgbàdo àti ọkà bàbà tí ń wọlé láti òkè òkun, fún oṣù mẹ́fà ná.
5. Àwọn oníṣòwò kéékèèké bíi 600,000 ti gba ẹ̀bùn owó, 400,000 mìíràn sì ń bọ̀.
6. Ìjọba yóò pín ẹ̀rọ CNG mílíọ̀nù kan, kí ọkọ̀ lè máa fi afẹ́fẹ́ gáàsì rìn dípò epo.
7. Ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Calabar, pẹ̀lú ọ̀nà Sókótó sí Badagry, yóò ṣí ọ̀nà ọrọ̀ ajé fún ìpínlẹ̀ 16.

Kò sọ pé owó epo yóò padà sẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn

Atiku Abubakar, olùdíje PDP ní 2023, fèsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí ó sọ ni pé Ààrẹ fo ìyà tí ń jẹ àwọn ìdílé láti ọjọ́ tí ó ti gorí àlééfà, àti pé àtúnṣe tí ó ń kà kò jinlẹ̀, kò sì yá. Àwọn tí ó ṣètò ìwọ́de kò gbà láti dáwọ́ dúró.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kì í ṣe olóṣèlú ẹgbẹ́ alátakò, ṣùgbọ́n èsì tirẹ̀ ló wúwo jù létí wa. Ó ní Ààrẹ kò sọ ohunkóhun lórí ìbọn tí àwọn agbófinró yìn sí àwọn tí ebi lé jáde. Ó rántí eré Hubert Ògúndé, Bread and Bullet, tí ìjọba òyìnbó torí rẹ̀ fìyà jẹ òṣèré náà. Irú àléébù yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sọ̀rọ̀ lórí ìwọ́de EndSARS, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ bi í ni ìdí tí kò fi dárúkọ ìbọn Lekki.

Bí a ti wọn ọ̀rọ̀ Ààrẹ, ó yẹ ká wọn ti Atiku náà. Nígbà ìpolongo ìbò 2023, Atiku àti Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour sọ pé àwọn náà yóò yọ owó ìrànwọ́ epo bí àwọn bá wọlé. Ìṣúná ọdún 2023 tí ìjọba Buhari ṣe kò sì pèsè owó náà kọjá oṣù kẹfà. Nítorí náà, ìjà àwọn àgbà olóṣèlú kì í ṣe lórí bóyá kí a yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́, ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, àti ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kí tálákà tó ṣubú, ni ìjà wà lé lórí. Alátakò tí ó bá sọ fún wa pé òun ì bá ti fi epo sílẹ̀ ní ₦190, ká béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé ìlérí tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí láti orí omi

Ẹni tí ó bá gbé Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, bí epo bá wọ́n, ó lè fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ó ń gbé Ayétòrò, Awoye tàbí Ugbonla kò lè fẹsẹ̀ rìn lórí omi. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, òun ló ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbokoda, òun ló ń gbé ẹja àti edé lọ sí ọjà, òun náà ló ń gbé púpurú àti ìrẹsì bọ̀ wá sílé. Apẹja kò lè wọ òkun láìra epo. Epo tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọ abúlé kì í sì í jẹ́ iye tí ó wà lára ẹ̀rọ ilé epo ní ìgboro.

Iná ọba ńkọ́? Nígbà tí Ààrẹ fi ń sọ̀rọ̀ ní 2024, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí apá gúúsù Oǹdó, Ìlàjẹ sì wà nínú rẹ̀, ti wà nínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún wa, epo kan náà ló sì ń mu. Nígbà tí Ààrẹ ní ìpinnu lórí epo kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà, iná àti oúnjẹ ará Ìlàjẹ ló wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ohun tí Ààrẹ kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ CNG, ti ọkọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kò sí nínú ètò náà. Owó oṣù ₦70,000, ti òṣìṣẹ́ ni. Apẹja àti obìnrin tí ń yan ẹja kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀bùn owó fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ló yẹ kó kàn wá gan-an. Nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ bá orílẹ̀-èdè sọ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 2023, ó ṣèlérí ₦50,000 fún ènìyàn 1,300 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìpín Ìlàjẹ jẹ́ ₦65 mílíọ̀nù. Ta ni àwọn 1,300 náà? Àwọn abúlé wo ni wọ́n ti wá? Ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn ni èyí, nítorí orúkọ ènìyàn kì í farasin láàrin abúlé. Àwọn alátakò tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ààrẹ kò jinlẹ̀ ì bá ti bá wa béèrè rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kò béèrè.

Ọ̀nà etí òkun tí Ààrẹ dárúkọ, 700 kìlómítà ni wọ́n ní yóò jẹ́, yóò sì gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá. Ohun ńlá ni fún wa bí ó bá dé. Atiku ti bèèrè ṣáájú, ní ọdún 2024 kan náà, ìdí tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ kan láìjẹ́ kí àwọn mìíràn du ú. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí ẹnì kankan nínú wọn kò bi: ilẹ̀ wo ni ọ̀nà yóò gbà nígbà tí òkun bá ti gbé etí ilẹ̀ lọ?

Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947 jẹ́ ìlú tí gbogbo Nàìjíríà ń lọ wò nígbà kan. Lónìí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ojú pópó rẹ̀ lọ. Ní 2004 wọ́n gbé iṣẹ́ ògiri tí yóò dá omi dúró jáde lábẹ́ àjọ NDDC. Ní 2009 wọ́n tún un gbé fún ẹlòmíràn. Ògiri náà kò dìde, bẹ́ẹ̀ PDP ló wà lórí àlééfà ní Àbújá ní ọdún méjèèjì. APC gba ìjọba ní 2015, òkun kò dúró. Nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ àti nínú èsì Atiku, ẹ kò ní rí òkun Ìlàjẹ.

Ìlàjẹ mọ ohun tí ìwọ́de lè dà

Àwọn àgbàlagbà etí òkun kò gbàgbé oṣù karùn-ún ọdún 1998. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí ibùdó epo Parabe ti Chevron lórí òkun, wọ́n béèrè iṣẹ́ àti owó ìtanràn fún omi àti ilẹ̀ tí ó bàjẹ́. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, àwọn agbófinró fi hẹlikópítà dé, wọ́n yìnbọn, ènìyàn méjì kú. Ilé iṣẹ́ náà ní wọ́n kó òṣìṣẹ́ òun nígbèkùn. Àwọn ọ̀dọ́ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ làwọn bá lọ. Ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ dá Chevron láre.

A mú èyí wá nítorí àwọn ọmọ wa. Ẹ̀tọ́ ni ìpéjọ àti ọ̀rọ̀ sísọ. Abala 39 àti 40 ìwé òfin ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìbọn ti yìn rí ní omi tiwa, ilé ẹjọ́ sì lè má dá òun láre.

Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Nígbà ìwọ́de 2024, àwọn àáfà kan ní kí Mùsùlùmí jókòó sílé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní sísọ òtítọ́ kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Ìpìlẹ̀ mẹ́ta wà tí gbogbo wọn gbà.

Àkọ́kọ́ ni wíwádìí. Nínú Súrátul-Hujurát, áyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé bí ìròyìn bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán wá, ká yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó fi ṣe ẹlòmíràn níbi. Fídíò àtijọ́ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp lásìkò ìwọ́de wà lábẹ́ àṣẹ yìí.

Èkejì ni déédéé. Súrátul-Má'ídah, áyà kẹjọ, kò gbà kí ìkórìíra ẹnìkan mú wa ṣe àìdéédéé sí i. Ẹni tí kò fẹ́ Tinubu kò gbọ́dọ̀ sẹ́ ohun rere tí ó ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ọmọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé olórí ṣeé dá lóhùn. Nígbà tí wọ́n fi Abu Bakr, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, jẹ olórí ní ọdún kọkànlá Híjírà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá àwọn ènìyàn sọ ni pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ bí òun bá ṣe dáadáa, kí wọ́n sì tọ́ òun sọ́nà bí òun bá ṣìnà. Ó ní ẹni tí kò lágbára láàrin wọn ni alágbára lójú òun, títí òun yóò fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Olórí fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá òun lóhùn. Ṣùgbọ́n títọ́ sọ́nà yàtọ̀ sí èébú, ó sì yàtọ̀ sí jíjí ẹrù ọlọ́jà.

Ohun tí ó dé lẹ́yìn ọ̀rọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, kò tíì pé oṣù kan sí ọ̀rọ̀ Ààrẹ, epo ní ilé epo NNPC kọjá ₦850. Ní oṣù kẹwàá ó di ₦998 ní Èkó àti ₦1,030 ní Àbújá. Owó orí oúnjẹ tí wọ́n ní àwọn yọ kò hàn nínú ìkòkò: ní oṣù kejìlá ọdún náà, àjọ NBS ṣì ka 39.84 nínú ọgọ́rùn-ún lórí oúnjẹ. Owó oṣù ní tirẹ̀ di òfin lóòótọ́, ìjọba Oǹdó sì gbà láti san ₦73,000.

Ní ti ìbọn, Amnesty International sọ pé ó kéré tán, ènìyàn 24 ni ó kú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, wọ́n kó ènìyàn 76 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá lórí ìwọ́de náà, àwọn ọmọdé tí ebi ti hàn lára wọn wà nínú wọn. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù. Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn pariwo, Ààrẹ pàṣẹ ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà pé kí wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ohùn ará ìlú lè yí nǹkan padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kenya ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí Ààrẹ William Ruto sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì ìwọ́de ńlá, tí ó ní òun kò ní fọwọ́ sí òfin owó orí tí wọ́n ń bá òun jà lé lórí.

Ní Oǹdó, ìbò gómìnà wáyé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá kan náà. Lucky Aiyedatiwa ti APC, ọmọ Obe-Nla ní Ìlàjẹ, borí Agboola Ajayi ti PDP, ọmọ Kiribo, ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Ẹni tí ó wà lórí àlééfà àti ẹni tí ó takò ó, ọmọ omi ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò sọ fún wa pé òun kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ohun tí ìdílé lè máa béèrè

Nígbà mìíràn tí Ààrẹ, gómìnà tàbí alátakò bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ gbọ́ ọ, kí ẹnìkan mú ìwé àti bírò, kí ẹ sì béèrè nǹkan márùn-ún:

1. Kí ni ó ṣèlérí gan-an, iye mélòó, títí di ìgbà wo?
2. Èwo nínú rẹ̀ ni ó lè dé orí omi, èwo ni ó jẹ́ ti ìgboro nìkan?
3. Kí ni ó fò, bí ẹni tí ó kú, iná tàbí òkun?
4. Kí ni ẹni tí ń dá a lóhùn ti sọ rí lórí ọ̀rọ̀ kan náà?
5. Ta ni a lè bi ní Igbokoda? Láti ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò yẹ kí alága máa nawọ́ sí Àkúrẹ́ mọ́.

Ẹ pa ìwé náà mọ́. Àmánà ni ìlérí olórí, àmánà sì ni ìbéèrè alátakò náà. Ní Súrátun-Nisá, áyà 58, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a dá àmánà padà fún àwọn tí ó ni ín. Àwa tí à ń gbé etí omi ló ni èyí, ọ̀dọ̀ wa ló sì yẹ kó padà sí.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olórí wa ní ìbẹ̀rù Rẹ̀, kó fún àwọn alátakò ní òdodo, kó pa àwọn ọmọ wa mọ́ lọ́wọ́ ìbọn àti lọ́wọ́ òkun. Àmín.